Ìdí Tí Ìwà Àgbàlagbà Fi Ń Yí Padà Bí Ọpọlọ Bá Ń Kú Díẹ̀díẹ̀

Ẹ̀sùn kan wà tí kò ṣàjèjì nínú agbo-ilé ní Ayépé. Ìyá àgbà kan tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, tó ta aṣọ títí tó fi kọ́lé, á ṣàdédé figbe ta pé wọ́n ti jí owó èsúsú òun. Ìyàwó ọmọ ni yóò nàka sí, tàbí ọmọ-ọmọ tó ń bá a gbé. Wọn á tú yàrá, wọn á bá owó náà lábẹ́ ìrọ̀rí, níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi í sí. Kò ní gbà. Á ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà ni, nítorí àṣírí ti tú. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹ̀sùn mìíràn ti dé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilé á pín sí méjì: àwọn tó ní ayé ló ń da màmá láàmú, àti àwọn tó ní màmá fúnra wọn gan-an ni ayé.

Ìjà yìí kò yẹ kó wáyé rárá. Ẹ̀sùn tí màmá ń fi kan ará ilé ní ibi tó ti ń wá nínú orí, ibẹ̀ sì ṣeé fi ìka tọ́ka sí. Àwọn àrùn kan wà tó ń pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀: àrùn Alzheimer, àrùn Parkinson, àrùn Lewy, àti èyí tó ń jẹ iwájú ọpọlọ. Ìgbàgbé àti ọwọ́ gbígbọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí irú àrùn bẹ́ẹ̀ mú ènìyàn dópin láìyí ìwà àti èrò onítọ̀hún padà. Ìbẹ̀rù lè dé, tàbí ìdoríkodò, ìfura, ìbínú òjijì, rírí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Tàbí kí ènìyàn kàn jókòó sójú kan bíi pé ayé kò kàn án mọ́. Wọn kì í ṣe wèrè kan tó wá láti òde wá kún àrùn tó wà nílẹ̀. Àrùn kan náà ni wọ́n jẹ́.

Ibi tí àrùn bà lé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Òsósà, ìlú Hubert Ogunde, tó wà pẹ̀lú wa nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odògbolú, lè là á yé wa. Láti àwọn ọdún 1960 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wádìí àrùn iṣan kan tó ń yọ àwọn ará àgbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú lẹ́nu. Ẹsẹ̀ á máa jó bí iná, á sì máa kú tipiri. Onítọ̀hún á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá ń rìn. Ojú á máa ṣú, etí á máa di. Wọ́n fura sí gbágùúdá tí wọn kò ṣe jinná dáadáa, nítorí májèlé tó wà nínú rẹ̀, àríyànjiyàn lórí èyí kò sì tíì tán. Ní ọdún 2000, O. S. A. Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde láti Òsósà: àrùn náà ṣì wà níbẹ̀, ó mú nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àrùn tó lágbára ni. Síbẹ̀, ẹni tí kò lè rìn mọ́, tí ojú rẹ̀ ti ṣú, kì í sábà torí rẹ̀ máa fura sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn, iṣan ojú àti iṣan etí ni àrùn yẹn ń bà jẹ́. Kì í sábà dé ibi tí ìfura, ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ ń gbé nínú orí. Àwọn àrùn tí mò ń sọ ń dé ibẹ̀, òmíràn nínú wọn ibẹ̀ ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Auguste Deter, obìnrin tí a fi kọ́kọ́ mọ àrùn Alzheimer, kò ti ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀. Owú ló kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọkọ òun ń yan àlè, kò sì sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ìgbàgbé dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901 ni wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Frankfurt ní Jámánì, ọmọ ọdún 51 péré ni. Ká ní ọ̀kan nínú agbo-ilé wa ni, àwọn ẹbí ì bá ti pé jọ láti bá wọn parí ìjà tọkọtaya. Dókítà Alois Alzheimer ló tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó sì kú ní 1906, dókítà yìí fi máíkírósíkóòpù wo ọpọlọ rẹ̀. Ó bá ìdọ̀tí tó dì gbagidi láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó sì bá okùn tínńtín tó lọ́ mọ́ra nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Purotéènì tó ti bà jẹ́ ni méjèèjì. Lónìí, amyloid ni à ń pe ti àkọ́kọ́, tau ni à ń pe èkejì.

Tau kì í kọ́kọ́ balẹ̀ síbi tí ìrántí ń gbé. Lára ibi àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń bá a ni ìdì sẹ́ẹ̀lì kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ, lókè ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀. Locus coeruleus ni wọ́n ń pè é. Bó ti kéré tó, òun ló ń fi èròjà noradrenaline ránṣẹ́ káàkiri ọpọlọ, èròjà tó ń jí wa lójú oorun, tó sì ń mú wa ta gìrì bí ewu bá dé. Nítòsí rẹ̀ ni àwọn ìdì mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní raphe, tí ń pín serotonin, èyí tó ń mú ọkàn dúró déédéé. Lókè díẹ̀ ni substantia nigra wà, tí ń pín dopamine fún ìrìn, fún ìfẹ́-inú àti fún ìdùnnú. Nísàlẹ̀ iwájú ọpọlọ ni ìdì Meynert wà, tí ń pín acetylcholine fún ìfọkànsí àti fún mímọ ohun tí ojú ń rí. Ẹ wo tiransifọ́mà tó wà ní ìkóríta: ilé tó ń fún níná lè tó ọgọ́rùn-ún. Bó bá jó, kò sí ohun tó ṣe wáyà inú ilé kankan, síbẹ̀ gbogbo àdúgbò á ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdì kéékèèké yìí rí sí ọpọlọ, àwọn gan-an sì ni àwọn àrùn wọ̀nyí ń tètè jẹ.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn fi lè dàrú ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí iyè tó ra. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdoríkodò láti kékeré, tó wá ń sunkún láìnídìí lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, tí oorun rẹ̀ dàrú, tí àyà rẹ̀ ń já lórí ohun tí kò tó nǹkan, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kì í ṣe gbogbo irú wọn ni àrùn ọpọlọ ń bọ̀ wá mú. Ọ̀fọ̀ wà, àìlówó wà, àdánìkangbé wà, nítorí àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó àti ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n kí a má kàn pè é ní ọjọ́ ogbó ká sì fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó tí wọ́n ní wọ́n jí. Ẹ̀yà ọpọlọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí nínú lọ́hùn-ún, hippocampus, tó ń gba ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí sílẹ̀ fún ọ̀la. Bí tau bá ti jẹ ẹ́, ìrántí pé òun gbé owó sábẹ́ ìrọ̀rí kò wọlé rárá. Kì í ṣe pé màmá gbàgbé, nǹkan náà kò fìgbà kan wà nínú orí rẹ̀. Bó ti wá wò, tí owó kò sí níbi tó rò pé ó wà, ọpọlọ kò lè fi àlàfo sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ìtàn kan dí i, èyí tó sì súnmọ́ jù ni pé ẹnìkan ti mú un. Gbogbo wa ni irú èrò yìí ń sọ sí lọ́kàn nígbà mìíràn. Iwájú ọpọlọ ló ń bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, tó ń sọ fún wa pé, ‘Rárá o, tún wá a ná.’ Bí àrùn bá ti dé iwájú ọpọlọ, pàápàá lápá ọ̀tún, kò sí ẹni tí yóò yẹ ìtàn náà wò mọ́. Bí ó bá sì ti dé amygdala, níbi tí ìbẹ̀rù ti ń ru sókè, ìtàn náà á wọ̀ ọ́ lára gidigidi, á dà bí òtítọ́ pọ́nńbélé. Èyí ló fà á tí àríyànjiyàn kò fi lè tán an. Ẹni tó ń jà pé ‘Màmá, ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀!’ ń bá ẹ̀yà ọpọlọ tí kò sí níbẹ̀ mọ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé, ‘Ẹ pẹ̀lẹ́ màmá, ẹ jẹ́ ká jọ wá a,’ kí a sì mọ ibi méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi nǹkan pamọ́ sí.

Èyí tó máa ń dun ọmọ jù ni kí ìyá wò ó lójú, kó ní, ‘Ìwọ kọ́ ni ọmọ mi. O jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́.’ Ní 1923 ni dókítà ará Faransé, Joseph Capgras, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú èyí. Mímọ ojú ènìyàn ní ọ̀nà méjì nínú ọpọlọ. Ọ̀nà kan ń sọ pé imú yìí, ẹnu yìí, ti Ṣadé ni. Ọ̀nà kejì ń mú kí ara móoru, kí inú dùn, nítorí ẹni wa ni. Bí ọ̀nà kejì bá já, ojú Ṣadé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó máa ń bá a rìn kò dé. Ọpọlọ á wá parí rẹ̀ sí pé ẹlẹ́tàn kan ló gbé ojú ọmọ òun wọ̀. Ohùn gba ọ̀nà mìíràn wọ inú ọpọlọ, nítorí náà ìyá tó kọ ọmọ rẹ̀ lójúkojú lè dá a mọ̀ lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé.

Nínú gbogbo àyípadà ìwà tó wà nínú àrùn Alzheimer, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí kì í pariwo. Bàbá kan tí kì í pa ìpàdé régbérégbé jẹ, tó máa ń rán aṣọ tirẹ̀ fún Ojúde Ọba kó tó di pé oṣù kù mẹ́ta, á kàn jáwọ́. Kò sunkún, kò ṣàìsàn, kò bínú. Bí wọ́n bá bi í, á ní kò sí nǹkan. Ojú ọ̀lẹ ni wọn á fi wò ó, tàbí ojú ẹni tó ti ń gbéra ga. Ìlà kan wà láàárín apá méjèèjì ọpọlọ, anterior cingulate, tó ń sọ èrò di ìgbésẹ̀. Bí ó bá ti kú, ènìyàn mọ ohun tó yẹ kó ṣe, kò sì kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó tì í dìde kò sí mọ́. Ẹ má bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Ẹ gbé aṣọ fún un, ẹ dì í lọ́wọ́ mú, ẹ jọ jáde.

Àrùn Lewy ló yẹ kí gbogbo ilé tó ní arúgbó mọ̀, nítorí oògùn tí kò yẹ lè pa ẹni tó ní in. Friedrich Lewy ló rí àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú ọpọlọ ní 1912: kóróbótó purotéènì tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé alpha-synuclein ni. Ní 1976 ni Kenji Kosaka ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé nígbà tí kóróbótó yìí bá tàn dé òkè ọpọlọ, àrùn iyè àti ìwà ló ń fà. Àmì rẹ̀ yàtọ̀. Bàbá á máa rí àwọn ọmọdé tó jókòó lórí àga, tàbí ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tàbí àlejò tó wọ aṣọ tó mọ́ tónítóní tí kò sọ̀rọ̀. Wọn kì í sábà dẹ́rù bà á. Ó lè ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún wọn. Lónìí orí rẹ̀ á pé pérépéré, lọ́la kò ní mọ ibi tó wà, lọ́túnla á tún pé. Ìrìn rẹ̀ á máa fà, ara rẹ̀ á máa le. Bí ẹ bá sì bi ìyàwó rẹ̀ dáadáa, á ní ó ti pẹ́ tó ti ń jà lójú oorun, tó ń ta ìpá, tó ń figbe ta, nígbà mìíràn ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Bí a bá ń lá àlá, ẹ̀yà kan nísàlẹ̀ ọpọlọ máa ń ti ara pa kí a má bàa ṣe ohun tí a ń lá. Kóróbótó Lewy ń tètè ba ẹ̀yà yẹn jẹ́.

Kí ló wá ń fa àwọn àlejò yẹn? Ohun tí ojú ń rí kò tó fún ọpọlọ rí, òun fúnra rẹ̀ ń parí àwòrán náà láti inú ohun tó ti mọ̀. Acetylcholine ló ń bá a ya èyí tó wà lóde sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún. Nínú àrùn Lewy, ìdì Meynert bà jẹ́ gan-an, ẹ̀yìn ọpọlọ tó ń ríran sì ń ṣiṣẹ́ lábọ̀. Àgbádá tó kọ́ sára ògiri á wá di ènìyàn, pàápàá bí iná bá kéré. Oògùn tó ń fi acetylcholine kún ọpọlọ, bíi rivastigmine àti donepezil, máa ń lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò yìí lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó tó nínú yàrá náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ ó sì kíyè sí i pé ẹni tí ojú rẹ̀ kàn ṣú nítorí ojú-dídí tàbí glaucoma lè máa rí irú àlejò bẹ́ẹ̀ láìní àrùn ọpọlọ kankan.

Haloperidol ni wọ́n sábà máa ń gún ẹni tó bá ń rí ohun tí kò sí. Ó ń dènà dopamine, ọpọlọ oní-Lewy kò sì ní dopamine tó tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí Ian McKeith àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Newcastle, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992, fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn Lewy tó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló fara gbá a burúkú: ara á le gbagidi, wọn ò ní lè gbé oúnjẹ mì, òmíràn á kú. Láti 2008 pàápàá ni ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé irú oògùn yìí ń fi kún ikú àwọn arúgbó tí iyè wọn ti ń ra, irú àrùn yòówù kó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ dopamine yìí ní ìtàn kan tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Aṣofẹ́yẹjẹ wà nínú igbó wa, àwọn baba wa tó ń wo wèrè sì ti ń lo egbò rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, Abẹ́òkúta, kọ ọ́ ní 1960 pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà ń lò ó fún wèrè. Èròjà tó wà nínú egbò náà ni reserpine, èyí tí àwọn onímọ̀ Switzerland yọ ní 1952 láti ara irú igi yìí kan náà tó wà ní Íńdíà. Reserpine ń tú èròjà dopamine, noradrenaline àti serotonin dànù kúrò nínú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń kó wọn pamọ́ sí. Ó ń mú kí wèrè rọlẹ̀ lóòótọ́. Ní 1957, Arvid Carlsson ní Sweden fún ehoro ní reserpine, ehoro kò lè mira mọ́. Ó fún wọn ní L-dopa, èyí tí ọpọlọ ń sọ di dopamine, wọ́n sì dìde. Láti inú èyí ni a ti wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹni tó ní Parkinson, tí a sì fi rí oògùn rẹ̀. Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fún bàbá tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó tún ń rí ìran ní àgbo aṣofẹ́yẹjẹ, ìran náà lè dínkù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á le sí i, ìdoríkodò á sì tẹ̀lé e. Wèrèpè ní tirẹ̀ ní L-dopa nínú èso rẹ̀, ọ̀nà òdìkejì ló sì lè gbà ṣèpalára: bí dopamine bá ti pọ̀ jù nínú ọpọlọ tó ti bà jẹ́, ìran àti ìfura á wọlé. Oògùn ilé ìwòsàn náà kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Àwọn kan nínú oògùn Parkinson, bíi pramipexole, lè mú kí bàbá tí kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìfẹ̀yìntì ta lọ́tò. Ẹ tètè sọ fún dókítà, oògùn ló ń ṣe é, a sì lè dín in kù. Àrùn Parkinson kì í ṣe ti òyìnbó nìkan o. Ní 2023, ìwádìí tí Njideka Okubadejo ti Èkó wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀ fi hàn pé àyípadà kan wà nínú àbùdá GBA1 láàárín àwa ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà, tó ń mú kí ẹni tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ súnmọ́ àrùn náà ju ẹni tí kò ní in.

Èyí tó ń jẹ iwájú ọpọlọ ló ń ba orúkọ jẹ́ jù. Arnold Pick ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní Prague ní 1892. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 45 sí 65, ìrántí sì lè ṣì wà digbí. Alàgbà ìjọ á máa sọ ọ̀rọ̀ rírùn sí ọmọge, á mú ẹran nínú àwo ẹlòmíràn, á máa jẹ ohun dídùn ṣáá, àánú ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣe é mọ́. Ẹ̀yà ọpọlọ tó wà lókè ihò ojú, tó ń sọ fún wa pé ‘ìtìjú ni,’ ló ti rún. Níwọ̀n bó ti rántí gbogbo nǹkan, kò sẹ́ni tó gbà pé àìsàn ni.

Àwọn kan á bi mí pé ṣé àrùn yìí tilẹ̀ wà láàárín wa. Ó wà, a sì ti kà á. Láti 1992 lọ, Osuntokun àti lẹ́yìn rẹ̀ Adesola Ogunniyi, Oye Gureje àti Olusegun Baiyewu, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Indianapolis, lọ láti ilé dé ilé ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn tó ti pé ọdún 65. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 àwọn Yorùbá Ìdíkàn, 1.35 ni iyè wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí í ra lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Tiwa kéré ju tiwọn lọ, ó sì yẹ ká dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Baiyewu tún lo ìwé ìbéèrè tí Jeffrey Cummings ṣe ní 1994 fún ìwà àwọn aláìsàn yìí, ó fi bi àwọn tó ń tọ́jú wọn nílé ní Nàìjíríà. Ìfura, ìbínú àti ìdoríkodò tí mo ti ń sọ ń ṣẹlẹ̀ níbí, wọ́n sì ń wọ ará ilé lọ́rùn ju ìgbàgbé lọ.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí ìjẹ́wọ́ àjẹ́. Ìyá àgbà kan á jókòó láàárín ẹbí, á ní òun lòun jẹ ọmọ lágbájá. Margaret Field, tó ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Aṣáńtì ní Ghana, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1960 pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń wá jẹ́wọ́ àjẹ́ níwájú òrìṣà ló jẹ́ pé ìdoríkodò ló mú wọn. Bí ìdoríkodò bá le, ó ń di ẹ̀bi ru ènìyàn, ẹ̀bi ohun tí kò ṣe rí. Ẹni tí iyè rẹ̀ sì ti ń ra á gba ohunkóhun tí wọ́n bá bi í léraléra, nítorí kò ní ìrántí tí yóò fi kọ̀ ọ́. Irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ìwọ̀n kankan. Mi ò rí ohun tó burú jù kí a so irú ìyá bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ilé ìdáǹdè, kí a fi ebi pa á, kí a máa nà án nítorí ọ̀rọ̀ tí àrùn fi sí i lẹ́nu. Abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa ka pípe ènìyàn ní àjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè sọni sẹ́wọ̀n. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin wèrè ayé òyìnbó, fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ kí a tọ́jú rẹ̀ bí ènìyàn.

Ìwà tó yí padà láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan kì í sábà jẹ́ àrùn tí mo ti ń sọ láti òkè wá. Ibà, àrùn ojú ara tàbí ti ìtọ̀, omi tó gbẹ lára, ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí lẹ́yìn ìṣubú, tàbí oògùn ló máa ń fà á, ó sì lè lọ pátápátá bí a bá tètè sáré. Piriton, Phenergan tí wọ́n ń fún arúgbó kó lè sùn, àti Artane tí wọ́n ń fún ẹni tó ń gbọ̀n, gbogbo wọn ló ń dín acetylcholine kù, wọ́n sì lè da orí arúgbó rú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ oṣù àti ọdún ni ìwà fi ń yí, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀: ohun tó kọ́kọ́ yí, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń sùn. Ẹ kó gbogbo oògùn àti àgbo tó ń lò sínú àpò kan. Láti Ayépé, ilé ìwòsàn Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù kò jìnnà, Aró wà ní Abẹ́òkúta, UCH sì ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Ìbàdàn láti 2012. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún àgbàlagbà yín ní haloperidol kí ẹ tó sọ fún dókítà pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, pé wọ́n ń jà lójú oorun, àti pé wọ́n ń rí àlejò tí kò sí.